Igi Tí Mùlíkátù Sè

Wọ́n ní igi kan wà lẹ́yìnkùlé Mùlíkátù ní Ẹ̀pẹ́ tó ń sunkún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe igi lásán, Sàlímọ́nù ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tí ogun Èkó gbé lọ. Wọ́n ní ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi wẹ̀ lójú ọ̀sà kó tó tọpa ìyàwó rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó sì dé, ebi ń pa á. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́jọ wẹ odò, ṣé ebi ò ní pa á ni? Ló bá gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́dọ̀ Kúbúrá aládùúgbò ìyàwó rẹ̀, ó jẹ ẹja àrọ̀ mẹ́rìnlá láìtu eegun kan, ó nu ẹnu, ó sì lọ dùbúlẹ̀ bí igi. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó dé fìlà. Ẹni tó rán fìlà náà fún un nínú omi ni wọn ò sọ.

Mùlíkátù tí wọ́n ń wí yìí, obìnrin kékeré ni, ẹnu rẹ̀ ló tóbi. Ọdún tí ogun fọ́ Èkó ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ọkọ̀ gba ojú ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́. Sàlímọ́nù fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀, tó di ẹrù sí i lẹ́sẹ̀, tó ní òun fẹ́ sáré padà lọ mú ìyá òun, òun á wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e dé. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Mùlíkátù fi dúró létí omi, tó ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí obìnrin Ẹ̀pẹ́ kan tó ń yan ẹja nítòsí fi nu ọwọ́ nù tó wá fà á lápá.

"Wá jẹun," obìnrin náà wí. "Bó bá dé, yóò béèrè ẹ."

Kúbúrá nìyẹn. Ilé rẹ̀ ni Mùlíkátù sùn lọ́jọ́ náà, ẹní kan náà ni wọ́n sì pín fún ọdún méjì, kó tó di pé Mùlíkátù rí yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn ìgànná Kúbúrá. Kò sí ìlẹ̀kùn láàrin àgbàlá méjèèjì. Bí ọbẹ̀ Kúbúrá bá dùn, Mùlíkátù á ti gbé ẹ̀bà dé. Bí tirẹ̀ ò bá dùn, Kúbúrá á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì bú u títí tí àwo á fi gbófo.

Kò sẹ́ni tó rí òkú Sàlímọ́nù, kò sì sẹ́ni tó rí ààyè rẹ̀. Ààfáà ní ìgbàkigbà tí ọkàn Mùlíkátù bá gbà pé ó ti kú, kó jókòó ṣe opó. Ọkàn rẹ̀ ò gbà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ní òun ń bọ̀? Bí wọ́n bá béèrè ọkọ rẹ̀, á ní, "Ó wà lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo," gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Kúbúrá nìkan ló mọ̀ pé lẹ́yìn irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, Mùlíkátù kì í lè jẹun alẹ́.

Ẹja yíyan ni Kúbúrá kọ́kọ́ kọ́ ọ. Èéfín àti ojú Mùlíkátù ò bára wọn ṣe. Ẹja tí òun bá yan, apá kan á ti jóná, apá kejì á ṣì máa wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Kúbúrá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́, fi ẹja yìí sílẹ̀ kó máa bá ayé rẹ̀ lọ." Àwàdà ni Kúbúrá ń ṣe, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Mùlíkátù ti rí iṣẹ́. Ó kúkú fi wọ́n sílẹ̀ láàyè. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà Ẹ̀pẹ́ fẹ́ràn àrọ̀ tó bá ṣì ń mira, nítorí ẹja tó kú láàárọ̀ á ti máa rùn kí wọ́n tó rin ìdajì ọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàyè nínú ìkòkò omi á bá wọn délé. Tìrìmísíyù, bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ní ọkọ̀ àtijọ́ tí imú rẹ̀ ti fọ́. Ó fún Mùlíkátù. Mùlíkátù fi amọ̀ dí imú ọkọ̀ náà, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó pọn omi òjò àti omi ìsun kún un, ó kó àrọ̀ sí i.

Àwọn àrọ̀ náà ò jẹ́ kó gbádùn. Àrọ̀ tó wà lójú gbangba dà bí ìyàwó tuntun lójú ìyakọ, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Wọ́n ń gé ara wọn ní irùngbọ̀n jẹ. Wọ́n ń fò jáde. Láàárọ̀, Mùlíkátù á rí wọn lórí ilẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà bí ẹni tó ń padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ronú títí. Ó wá rántí pé bí àwọn apẹja bá fẹ́ fi ọwọ́ lásán mú àrọ̀, abẹ́ gbòǹgbò igi ni wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀. Ẹja fẹ́ yàrá ni.

Igi àkọ́kọ́ tó gbé sí i, etí omi ló ti rí i, bó ṣe rí i náà ló ṣe jù ú sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì omi ti pọ́n bí àgbo, nígbà tó di ọjọ́ kẹta gbogbo ẹja ti da ikùn sókè. Ó sunkún díẹ̀, ó sì jókòó kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Igi tí omi bá gbé wá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń gbé wálé, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ọkùnrin tó bá kí ni là ń dá lóhùn. Mùlíkátù á fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá rọ̀, á fi sílẹ̀ níbẹ̀. Á gbé imú sún mọ́ ọn. Bó bá ń rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, á fi sílẹ̀. Èyí tó le, tó wúwo, tó ní apá àti kọ̀rọ̀ tí ẹja lè fi ṣe yàrá, ìyẹn ló ń wá. Á bó o ní èèpo pátápátá, nítorí inú èèpo ni oró igi ń fara pamọ́ sí. Á fi ìkarahun ha gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, á fi èèpo àgbọn fọ̀ ọ́, kò sì ní jẹ́ kí ọṣẹ kàn án, nítorí igi ń mu ọṣẹ, ẹja á sì tún mu ún lára igi. Lẹ́yìn náà á sè é. Bẹ́ẹ̀ ni, á gbé e kaná bí ẹni ń se ẹran ògbólógbòó. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á dà á nù. Omi kejì á pọ́n bí àgbo, á dà á nù. Omi kẹta á dà bí oyin tí wọ́n bu omi là. Á wá gbé igi náà sínú omi tútù, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ títí tí omi á fi mọ́, títí tí igi fúnra rẹ̀ á fi gbàgbé pé òun ti léfòó rí. Ọjọ́ tó bá rì láìsí òkúta, ó ti di onílé nìyẹn.

Kúbúrá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó. "Ṣé igi lò ń tọ́ ni àbí ọmọ?"

"Igi ni. Ọmọ kì í gbọ́ràn tó báyìí."

"Bí èmi bá jẹ́ ẹja, ibikíbi tí wọ́n bá jù mí sí ni màá sùn."

"Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹja yíyan lò ń tà nìyẹn," Mùlíkátù wí, Kúbúrá sì ju èèpo iṣu lù ú.

Ní ọdún kẹjọ tí wọ́n ti wà ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí ọ̀sà kún tó sì fà, àwọn méjèèjì jọ lọ sí etí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí gbòǹgbò ńlá kan tó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní apá méje, ó gùn ju Mùlíkátù lọ. Mùlíkátù ò dúró wo ọ̀tún wo òsì. Ó ya etí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ ọ̀kan nínú apá igi náà, nítorí létí ọ̀sà, ẹni tó bá kọ́kọ́ so nǹkan mọ́ igi tí omi gbé wá ló ni ín.

"Èyí tóbi jù ẹ́ lọ," Kúbúrá wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí lèèyàn ń fi ọkọ ṣe? Ṣé o ò rí i bó ṣe na apá sí mi?"

"Ọkọ rẹ wo?"

"Sàlímọ́nù. Ó ti wẹ̀ dé. Mo ní kó tètè máa bọ̀, ó ní òun ń sinmi lọ́nà."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mùlíkátù náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ń fi ìka wa iyanrìn.

"Nígbà míì," ó wí, "bí mo bá ń ha igi, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni. Mo máa ń pe orúkọ rẹ̀. Mo máa ń sọ bí ọjà ṣe rí fún un. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Kúbúrá wí. Wọ́n sì jọ wọ́ igi náà délé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàbá Ṣàmsúdéènì ránṣẹ́ pe Mùlíkátù. Bàbá yìí jẹ́ àgbà láàrin àwọn ará Èkó tó wà ní Ẹ̀pẹ́, oníṣòwò ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wọ àwọn onílẹ̀ létí. Mùsílímátù ọmọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí Kùránì, ayẹyẹ wòlímọ́tù rẹ̀ ku oṣù kan. Bàbá fẹ́ ọgbọ̀n àrọ̀, kí wọ́n gbé wọn wá láàyè síwájú àlejò, kí àwọn ará Ìjẹ̀bú tó ń bọ̀ mọ̀ pé àwọn ará Èkó ò tíì di aláìní.

"Bí ọgbọ̀n yẹn bá dé ọ̀dọ̀ mi láàyè," Bàbá wí, "èmi fúnra mi ni màá mú ẹ lọ bá àwọn àgbà ọjà Olúwo. Wọn á fún ẹ ní ààyè."

Mùlíkátù kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń tajà lẹ́yìn ìgànná onígànná. Lọ́jà Olúwo, ibi tí ìyá obìnrin bá jókòó sí ni ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí. Ìyá Mùlíkátù sì jókòó ní Èkó. Ẹni tó bá ní ààyè lọ́jà, bó bá kú, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á ti máa sọ pé ó ti wà níbí rí. Ohun tó ń rò nìyẹn lórí ìkúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó délé, ohun tó sọ fún Kúbúrá ni pé, "Màá ra ìjókòó tó ga ju tìẹ lọ, kí n lè máa wo ẹ nílẹ̀."

Ẹ̀rín Kúbúrá pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ náà. Mùlíkátù ò fiyè sí i.

Ọgbọ̀n àrọ̀ ò lè gbé láìsí gbòǹgbò ńlá yẹn, kò sì sí ìkòkò tó lè gbà á ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Rọ̀kíbátù, ẹ̀gbọ́n ìyá Mùlíkátù, ń se ẹ̀kọ tà ní Ìkòròdú, ìkòkò rẹ̀ sì tó ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí lọ́jọ́ ogun. Mùlíkátù fi ẹní we igi náà, Kúbúrá bá a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, òun gbé orí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Tìrìmísíyù.

"Bá mi wo àwọn àrọ̀ kéékèèké tó wà nílé," Mùlíkátù wí.

"Máa lọ ná," Kúbúrá dá a lóhùn. "Kí ọkọ rẹ má pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò ní Ìkòròdú. Ìyá Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ fi ọwọ́ lérí.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ń ta ẹ̀kọ, o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ń ta igi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ẹran ni."

"Ẹran tó ní apá méje?"

"Ẹ ní ẹran òkèèrè ni."

Ìyá fún un ní ìkòkò àlòkù kan, wọ́n sì jọ fi igi se igi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Mùlíkátù da omi pupa nù, ó sì gbé igi náà sínú ìṣàn odò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń lọ wò ó láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó ní aláìsàn nílé. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún ó kó òkúta kúrò lórí rẹ̀. Igi náà ò mira. Mùlíkátù dúró sínú omi dé orúnkún, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kí igi náà kú oríire.

Bí ọkọ̀ Tìrìmísíyù ṣe ń gbé wọn padà, wọ́n yà sí Agbówá láti mu omi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sèlíátù wọlé bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ata, ó ń lọ Ẹ̀pẹ́. Ó wo ọkọ̀ yí ká, ó rí ẹrù tí wọ́n fi ẹní wé, ó sì fi ìdí lé e lórí, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́," ó wí, kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi.

Ó rò ó fún wọn láti orí dé ìrù: igi tó ń sunkún ẹ̀jẹ̀, ọdún mẹ́jọ nínú omi, àrọ̀ mẹ́rìnlá. Tìrìmísíyù ń fi àjẹ̀ wa omi lọ, ẹ̀rín ń ti etí rẹ̀ jáde. Mùlíkátù náà ń rẹ́rìn-ín. Irú ìtàn tí òun náà ì bá fi ọjọ́ mẹ́ta sọ nìyí bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Obìnrin náà ò tiẹ̀ tijú," Sèlíátù wí. "Wọ́n ní bó bá ń ha igi, á máa pè é ní Sàlímọ́nù, á máa ròyìn ọjà fún un."

Ẹ̀rín Mùlíkátù dúró.

"Ta ló gbọ́ ọ?" ó béèrè.

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kòríkòsùn. Ẹni tí igi náà jẹ ẹja rẹ̀ gan-an ni. Ó ní etí òun méjèèjì ni òun fi gbọ́, pé òun ti ń bò ó láṣìírí tipẹ́, ọ̀rọ̀ ẹja yìí ló jẹ́ kí òun sọ ọ́."

Mùlíkátù wo omi. Àpáta kan ò sí nínú ọ̀sà níbẹ̀, erékùṣù ò sí, kò sí ohun tí ojú lè dì mú. Ó ń rántí iyanrìn tó fi ìka wa. Ẹni méjì péré ló wà létí omi lọ́jọ́ náà.

Tìrìmísíyù fi àjẹ̀ dúró. Ó wo Mùlíkátù, ó wo Sèlíátù.

"Ìyá aláta," ó wí jẹ́jẹ́, "orí ọkọ rẹ̀ lẹ jókòó sí yẹn."

Sèlíátù rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Tìrìmísíyù, ó wo ojú Mùlíkátù, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọra wọlé padà. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n ata rẹ̀ mọ́ àyà, ìdúró ló sì wà láti Agbówá títí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ tó sì pariwo igi náà, nítorí náà kò sẹ́ni tí Mùlíkátù ní láti ṣàlàyé fún. Kí òun àti Tìrìmísíyù tó gbé igi dé iyanrìn, etídò ti ṣófo. Ẹnì kan tiẹ̀ fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná.

"Ẹ wá ná," Tìrìmísíyù ké sí àwọn tó dúró lókèèrè. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ti gbé igi yìí lọ sí Ìkòròdú. Èmi yìí ni mo wa ọkọ̀. Ọjọ́ wo ló jẹ ẹja Kúbúrá?"

Wọ́n gbèrò díẹ̀. Ọkùnrin kan dáhùn pé, "Bàbá, ẹni tó wẹ̀ láti Èkó, ṣé Ìkòròdú ló máa wá jìn sí i?"

Tìrìmísíyù ju àjẹ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Mùlíkátù ò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣàmsúdéènì ló gbà lọ pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀. Bàbá ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n fún un lómi, èyí sì ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, nítorí Bàbá kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fún ní ìròyìn rere.

"Èmi ò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n àwọn àlejò mi á gbà á gbọ́. Ẹja tí ènìyàn bá ń bẹ̀rù, kò ní lè gbé e mì."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé igi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ta lẹ wá gbé e fún?"

"Kúbúrá ló wá bá mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí wòlímọ́tù ọmọ mi bàjẹ́, òun á wá ẹja náà. Mo béèrè bó ṣe fẹ́ ṣe é, ó ní òun ti ń wo ẹ fún ọdún púpọ̀." Bàbá fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ó tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí ẹ. Ọ̀rẹ́ gidi ni."

Mùlíkátù mu omi náà tán, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

"Ààyè ọjà ńkọ́, Bàbá?"

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Kúbúrá. Ó ti ní ààyè." Bàbá ò wo ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tìẹ, ká ṣì fi sílẹ̀ ná. Kí ariwo yìí rọlẹ̀."

Ó délé, ó gbé igi náà sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀. Igi náà rì lẹ́ẹ̀kan náà, kò jẹ́ kí omi ru. Kò pẹ́, àrọ̀ kan tó wà nínú kọ̀rọ̀ fi irùngbọ̀n tọ́ apá igi wò, ó wọlé sábẹ́ rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mùlíkátù jókòó tì wọ́n. Ó fẹ́ bá igi náà sọ̀rọ̀ bó ti máa ń ṣe, ó la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Èyí ló dùn ún jù. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti fi pe Sàlímọ́nù, wọ́n ti gbé e lọ sọ́jà, gbogbo ènìyàn sì ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ márùn-ún kọjá, Kúbúrá ò gba ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn yẹn wá. Láàárọ̀ ọjọ́ wòlímọ́tù, Mùlíkátù dìde. Kò gba àárín àgbàlá. Ó yípo gba ojú títì, ó lọ dúró síwájú ilé Kúbúrá, ó ní, "Àgò o."

Kúbúrá yọ jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù, omi ń kán nílẹ̀ lára rẹ̀. "Láti ìgbà wo ni ìwọ ti ń kágò níbí?"

"Láti òní."

"Wọlé."

"Mi ò wọlé. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ni. Ìwọ lo gbé ẹsẹ̀ igi, èmi gbé orí, a jọ gbé e sínú ọkọ̀. O mọ̀ pé kò sí ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ẹja rẹ kú."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Kúbúrá nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó jọ ẹni tí kò sùn. "Àrọ̀ mẹ́rìnlá tí èmi náà kó sómi láti tà láàyè kú mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn Ìjẹ̀bú dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ohun tó pa á. Kí ni kí n wí?"

"Kí o ní o ò mọ̀."

"Ta ló ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ àlejò ni o. Ọwọ́ mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nílùú yìí. Ọdún mẹ́jọ tí Bàbá Ṣàmsúdéènì ti ń rí mi nídìí ẹja yíyan, kò ránṣẹ́ pè mí rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ránṣẹ́, ìwọ ni. O sì wá ń sọ fún mi pé o fẹ́ ra ìjókòó tó ga ju tèmi lọ."

"Eré ni mo ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé eré lò ń ṣe. Gbogbo ìgbà lo máa ń ṣeré."

Obìnrin kan kọjá, ó kí wọn, wọ́n jọ dáhùn pọ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?" Mùlíkátù wí. "O lè ní igi ni. O lè ní iwin ni. Kí ló dé tó jẹ́ Sàlímọ́nù?"

Kúbúrá tún ìró rẹ̀ ró. "Òun ni wọ́n á gbà gbọ́," ó wí.

Mùlíkátù yí padà láti máa lọ. Kúbúrá sì dì í lápá mú, ibi kan náà tó ti dì í mú létí omi lọ́jọ́sí.

"Ọ̀rẹ́ mi, dúró. Wọ́n tún kú láàárọ̀ yìí. Gbogbo wọn, ọgbọ̀n. Àwọn èèyàn Bàbá ti wà lọ́nà. Bá mi sọ fún wọn pé igi rẹ ló tún wá."

Mùlíkátù wò ó.

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," Kúbúrá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kò lè burú ju bó ṣe wà lọ fún ẹ. Èmi ni wọn ò tíì sọ nǹkan nípa mi rí. Mo bẹ̀ ẹ́. Nítorí ẹní tí a jọ sùn."

Kí Mùlíkátù tó dáhùn, Síkírù tí í ṣe ìránṣẹ́ Bàbá Ṣàmsúdéènì ti yọ lójú ọ̀nà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta tó ru ìkòkò omi. Ó kí Kúbúrá. Nígbà tó rí Mùlíkátù, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"A wá kó ẹja," ó wí.

"Ẹja," Kúbúrá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lápá Mùlíkátù. "Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Síkírù kọjú sí Mùlíkátù. "Ṣé igi yín ló tún wá ni, ìyá?"

Ìka Kúbúrá ń fún un lápá, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá rẹ̀ ni. Mùlíkátù ronú ẹní, ó ronú oúnjẹ ọjọ́ kẹta yẹn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún un ní irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó tún ronú ohùn Sèlíátù nínú ọkọ̀, tó ń pe orúkọ tí kò mọ olórúkọ rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ kejì tú ìka Kúbúrá kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wọlé lọ wò ó," ó wí fún Síkírù.

Ó gba ojú títì padà sílé rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà gbé ìkòkò kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé Síkírù gba inú ilé Kúbúrá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lábẹ́ àtíbàbà, tí ọgbọ̀n àrọ̀ da ikùn sókè lórí omi tó pọ́n bí àgbo. Síkírù ká apá aṣọ, ó gbé òkúta mẹ́rin kúrò, ó sì fa ohun tí òkúta náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ jáde sójú oòrùn. Gẹdú igi kékeré kan ni, kò ní apá, ẹnikẹ́ni ò sè é rí, èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀.